Pákó Tí Wọ́n Ní Kó Dùbúlẹ̀

Ìyá onílé ló kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, níbi tí wọ́n ti ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ láàárọ̀. Ó ní ọmọ kì í ṣàdédé kọ oúnjẹ fún ọjọ́ méjì. Ó ní òun ò sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ o, ohun tójú òun rí lòun ń sọ. Ẹni tó bá ti gbé ilé náà fún oṣù mẹ́ta péré ti mọ̀ pé bí ìyá onílé bá ti ní òun ò sọ nǹkan kan, ó ti sọ ọ́ tán.

Kí ìyàwó kápẹ́ńtà tó gbé korobá rẹ̀ dé yàrá, ọ̀rọ̀ náà ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Aránṣọ ni. Etí fèrèsé tó kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, kò sì sí òfófó tó lè gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kọjá kó má fẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó gbé omi kalẹ̀. Ó wo ọmọbìnrin rẹ̀ tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, tó ṣí ìwé sórí itan, tí búrẹ́dì àti ẹyin díndín tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ti tutù.

"Ṣé oyún ni?"

"Oyún kẹ̀, Màmá?"

"Má fi ìbéèrè dá mi lóhùn. Ṣé oyún ni?"

"Kì í ṣoyún. Òórùn ẹyin yẹn ni mi ò fẹ́."

Ìyá rẹ̀ káwọ́ lérí. Nínú gbogbo ohun tí ọmọ lè sọ láàárọ̀ yẹn, òórùn ẹyin ló rí sọ.

Injiníà ni gbogbo ilé ń pe ọmọ náà, láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì láti lọ kọ́ nípa ilé kíkọ́. Nígbà yẹn, ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Nísinsìnyí, wọ́n á pè é tán, wọ́n á sì wo ara wọn lójú. Ó ti yege nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tó ṣe níbẹ̀ àfi ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀kọ́ nípa igi òrùlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe é, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti fìdí rẹmi. Agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ náà ni yóò ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, kò sì sí ẹ̀kẹrin: ẹni tó bá kùnà lẹ́ẹ̀kẹta, kó kó ẹrù rẹ̀ wálé. Kó tó lè wọlé ṣe é pàápàá, òbí rẹ̀ kan gbọ́dọ̀ yọjú sí olùkọ́ tó ni ẹ̀kọ́ náà kí aago méjìlá tó lù, kó fọwọ́ sí ìwé kan.

Bàbá rẹ̀ ti ní òun ò lọ.

"Mo ní mi ò lọ," ni kápẹ́ńtà tún wí lẹ́nu ọ̀nà, bó ti ń wọ bàtà iṣẹ́. Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń kan òrùlé. Kì í pariwo, ṣùgbọ́n ìdákẹ́ rẹ̀ máa ń dunni ju ariwo lọ. "Gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, iṣẹ́ igi wá dòkè. Iṣẹ́ igi! Ọmọ kápẹ́ńtà! Ta lo fẹ́ kó gbà ẹ́ gbọ́? O kì í lọ sí kíláàsì ẹ ni. Ibi tó ò ń lọ gan-an ni kó o sọ fún mi, àti ọ̀dọ̀ ẹni tó ò ń lọ."

"Bàbá Injiníà, ẹ fi ọmọ sílẹ̀," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Olùkọ́ yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ máa bi. Kí ló dé tó jẹ́ ọwọ́ tiẹ̀ nìkan ni ọmọ ti ń kùnà? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí lọkùnrin yẹn ń béèrè lọ́wọ́ ẹ? Èmi nìkan ni kó o sọ ọ́ fún."

"Kò béèrè nǹkan kan, Màmá. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ló fẹ́ kí n dá padà fún un, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́."

"Ọkùnrin tí ò béèrè nǹkan kan! Ṣìọ̀."

Ọmọ ti sọ gbogbo òótọ́ tó wà níbẹ̀ tán, kò sì sẹ́ni tó gbọ́. Ó ti di ìjà láàárín àwọn méjèèjì. Ọkọ ní ìyàwó ló ń ba ọmọ jẹ́. Ìyàwó ní ta ló ń fọ́nnu káàkiri àdúgbò nígbà kan pé ọmọbìnrin òun máa kọ́lé tí àwọn ọmọkùnrin ò lè kọ́. Ẹsẹ̀ kan tó ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá dúró lẹ́yìn fèrèsé. Kò tètè lọ.

Kápẹ́ńtà fa báàgì ọmọ náà yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó da gbogbo inú rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà fóònù ọkùnrin ló ń wá. Ìwé já bọ́, bírò já bọ́, ìpara já bọ́, lẹ́yìn náà pákó pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí gígùn wọn kò ju apá lọ, tí wọ́n fi òwú ìránṣọ so pọ̀.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù yín ni, Bàbá."

Ó ti lé lóṣù kan tí irú pákó yẹn ti ń dín ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ńtà. Ó ti tìtorí ẹ̀ ra àgádágodo tuntun. Ẹni tó ń bá a pọ́n ayùn ló ti fọkàn sí pé ó ń jí i. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Ojú ti kápẹ́ńtà débi pé ó wá ibi jókòó.

"Kí lò ń fi pákó mi ṣe?"

Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di pé wọ́n fetí sílẹ̀.

Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pe olùkọ́ náà. Bó bá wọlé, kì í kí ẹnikẹ́ni. Á ṣí ìwé kan tí wọ́n ti fi téèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láìmọye ìgbà, á ní, "Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀," á sì máa kà á lọ títí wákàtí méjì á fi pé. Àwọn tó ń gbọ́ ọ lé ní igba, nínú yàrá tí àga ọgọ́ta wà. Àwọn kan á fi ẹ̀yìn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe tábìlì. Igi ni ẹ̀kọ́ náà dá lé, ṣùgbọ́n igi kan kò wọ yàrá yẹn rí, àfi ẹsẹ̀ àga. Bí ìdánwò bá dé, ohun tó kà sí wọn létí ni wọ́n á kọ padà fún un. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sọ ọ́ ti ṣẹ̀. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kọ́ gíga nìyẹn o, tí òbí ń tìtorí ẹ̀ fi ebi sùn.

"Wọ́n bi wá bí èèyàn ṣe máa gbé pákó tó máa ru òrùlé," ni Injiníà wí. "Mo ní kó dúró lórí etí ẹ̀, kí ojú tó fẹ̀ kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí mo ṣe ń rí i lọ́wọ́ yín láti kékeré nìyẹn. Ó fún mi ní òdo. Orí ìdáhùn yẹn sì ni gbogbo ìṣirò yòókù dúró lé. Lẹ́ẹ̀kejì, mo rò pé ẹni tó wo ìwé mi ló ṣàṣìṣe, mo tún kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òdo. Ni mo bá kó pákó lọ bá a ní kíláàsì, mo ní kó jẹ́ ká jọ wò ó. Ó bi mí pé ta ni olùkọ́ láàárín èmi àtòun. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jáde."

"Báwo lòun ṣe ní kẹ́ ẹ gbé e?"

"Ó ní kó dùbúlẹ̀. Pé ohun tó bá fẹ̀ ló ń gba ẹrù."

"Irọ́ lò ń pa," ni kápẹ́ńtà wí. "Odindi dókítà yunifásítì ò lè sọ bẹ́ẹ̀."

Ẹnì kan wà nínú ilé tó lè ṣe ẹlẹ́rìí. Ọmọ onílé ti gba abẹ́ olùkọ́ kan náà kọjá ní ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn. Méjìdínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà, nọ́ńbà tí ìyá rẹ̀ kì í jẹ́ kí àlejò kankan gbàgbé. Òun ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iṣẹ́ fún láti kọ́ ilé kíláàsì mẹ́ta ní ilé ìwé àwọn ọmọ kékeré tó wà lẹ́yìn àdúgbò, ó sì ti ṣèlérí pé kápẹ́ńtà ló máa bá òun kan òrùlé rẹ̀. Láti ọjọ́ ìlérí yẹn ni kápẹ́ńtà ti ń ṣáájú kí i láàárọ̀, àgbàlagbà bíi tirẹ̀.

Wọ́n pe ọmọ onílé, ó sì kó ìwé tó kọ nígbà yẹn wá tayọ̀tayọ̀. Wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Injiníà lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ ka ọ̀kan sókè, ọmọ rẹ̀ ń fìka tọ èkejì. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kọ́mà kan náà. Kí pákó dùbúlẹ̀: ó wà nínú méjèèjì. Bí wọ́n ti ń kà á lọ, aránṣọ kàn dúró.

"Kí nìyí? 'Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.'"

"Ó wà nínú tèmi náà," ni Injiníà wí.

"Ṣé ó máa ń mu omi níbẹ̀ lọ́dọọdún ni?"

"Kò mu omi o," ni ọmọ onílé wí. Kò rí ohun tó ṣàjèjì níbẹ̀. "Bó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀ ló ṣe kà á. Ẹ ò ní fẹ́ fo nǹkan kan, torí ìdánwò."

"Ta ló wá mu omi ọ̀hún?" ni kápẹ́ńtà béèrè.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Bóyá ẹni tó kọ́ Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, lọ́jọ́ kan tí ọ̀fun rẹ̀ gbẹ.

Kápẹ́ńtà bọ́ sí àgbàlá. Ó gbé pákó kan tó gùn lé orí búlọ́ọ̀kù méjì, ó jẹ́ kó dùbúlẹ̀, ó gun àárín rẹ̀. Pákó tẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀, ó ń dún. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó dá pákó kan náà dúró lórí etí rẹ̀, ó ní kí ìyàwó rẹ̀ di ìkángun kan mú, kí ọmọ onílé di èkejì. Ó tún gùn ún. Ó fò lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Pákó kò mira.

Gbogbo ilé ti jáde. Ẹnì kan gbójú sókè wo òrùlé kékeré tí ọmọ onílé ṣe sórí ẹ̀rọ omi lọ́dún tó kọjá, tó ti tẹ̀ láàárín tí omi òjò fi ń dúró sórí rẹ̀. Àwọn yòókù náà gbójú sókè. Pákó ibẹ̀ dùbúlẹ̀, gbogbo wọn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án ni kápẹ́ńtà ti rí i. Ó ní iṣẹ́ kápẹ́ńtà mìíràn ni, kò kan òun.

"Ẹni tó ta pákó fún wa ló yàn wá jẹ," ni ìyá onílé yára wí. "Pákó tútù ni."

"Tilé nìyẹn, Bàbá," ni ọmọ onílé wí, ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ìwé ò rí bẹ́ẹ̀."

"Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún," ni kápẹ́ńtà wí, "ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Injiníà, mú pákó kékeré yẹn dání. Ó yá."

Bí wọ́n ti ń jáde, aránṣọ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra bí ẹni tó ń tún kọ́là rẹ̀ ṣe. "Jẹ́ kí bàbá ẹ jà," ó wí létí rẹ̀. "Ìwọ, ohun tó bá fẹ́ ni kó o kọ fún un."

Ọ́fíìsì Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ kéré. Ìwé ìdánwò kún orí tábìlì, ó kún abẹ́ rẹ̀, ó kún orí àga tó yẹ kí àlejò jókòó lé. Agbéraga ni kápẹ́ńtà ti múra ìjà dè. Ọkùnrin kúkúrú kan tójú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn ló bá, tó dìde fún un, tó sì kí i bó ṣe yẹ ká kí àgbà. Ìyẹn gan-an ló mú ara kápẹ́ńtà fu.

Ó gbé ọ̀kan nínú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ náà lé àárín òkìtì ìwé méjì, ó fìka tẹ̀ ẹ́ níbi tó dùbúlẹ̀ sí: ó tẹ̀. Ó dá a dúró lórí etí: kò tẹ̀.

"Ẹ wò ó, Dókítà."

Kọ-Ọ́-Sílẹ̀ wò ó. Ó lọ ti ilẹ̀kùn, ó padà wá jókòó.

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Ẹ mọ̀?"

"Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà kọ́lé. Kápẹ́ńtà tó kan òrùlé mi ló fi hàn mí."

"Pákó tilé yín wá ńkọ́? Ṣé ó dùbúlẹ̀ ni?"

Ọkùnrin náà to ìwé tó wà níwájú rẹ̀, ó tún un tò. "Ó dúró," ló wí.

Injiníà tó wà lẹ́bàá ògiri gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé.

"Kí ló wá dé tẹ́ ò tún ti inú ìwé ṣe?" ni kápẹ́ńtà bi í.

"Bí mo bá tún un ṣe lónìí, kí ni kí n sọ fáwọn tí mo ti ní kí wọ́n máa lọ sílé? Àwọn tí mo fún níwèé ẹ̀rí, ṣé kí n lọ gbà á lọ́wọ́ wọn? Ọwọ́ ẹni tó kọ́ mi ni mo ti kọ ọ́, Bàbá, orúkọ ẹ̀ ló sì wà lára ilé tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ yìí. Ọmọdé lè láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Kó gba ìwé ẹ̀rí ẹ̀ ná. Bó bá délé, kó gbé pákó bó ṣe wù ú."

Ó ti ìwé kan síwájú kápẹ́ńtà. Orúkọ ọmọ wà lókè rẹ̀, lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: *Ọmọ mi yóò dáhùn gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ.*

Aago ara ògiri kù díẹ̀ kó lu méjìlá. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọmọ rẹ̀ kò ní wọlé. Bí kò bá wọlé, ilé ni, àti ìyá onílé lẹ́nu ẹ̀rọ omi, àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí wọ́n á gbé fún ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìyá rẹ̀. Gbogbo ìjà tó gbé wá látilé ń tú lára rẹ̀, ó sì ń bínú pé ó ń tú. Ó yọ pẹ́ńsù kápẹ́ńtà tó wà létí rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe pẹ́ńsù," ni olùkọ́ wí jẹ́jẹ́, ó na bírò sí i. "Pẹ́ńsù ṣeé pa rẹ́."

Kápẹ́ńtà fọwọ́ sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ rẹ̀ ń wò bó ti ń kọ ọ́, kò wo ojú rẹ̀.

Láti agogo méjì di mẹ́rin ni kápẹ́ńtà fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta gbọ̀ngàn ìdánwò. Ó ń rí orí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ojú fèrèsé, gbogbo ẹ̀ ló tẹ̀ wálẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gbójú sókè ronú. Bírò nìkan ló ń dún. Lójú ọ̀nà ilé ló bi ọmọ rẹ̀.

"Kí lo kọ?"

"Gbogbo ẹ̀, Bàbá," ni Injiníà wí. "Títí kan omi."

Aránṣọ ti se ìrẹsì àti ẹja dè wọ́n. Ọmọ jẹun. Ó jẹ abọ́ kìíní, ó bu èkejì, ìyá rẹ̀ sì ṣílẹ̀kùn gbayawu kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lè rí i. Ìyá onílé yọjú, ó ní ṣebí òun ti sọ láàárọ̀ pé kò sí nǹkan kan. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà kejì, wọ́n gbọ́ tó ń béèrè pé kí ni kápẹ́ńtà kó lọ fún dókítà yẹn gan-an, tí ọ̀rọ̀ fi tètè yanjú.

Kò pẹ́ tí ọmọ onílé fi kó àwòrán ńlá kan wọlé. Pákó ilé ìwé ti dé, ó wí. Ní ọ̀la ni iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀.

"Bó ṣe wà nínú àwòrán ni kẹ́ ẹ ṣe é o, Bàbá. Kí gbogbo ẹ̀ dùbúlẹ̀."

Kápẹ́ńtà wo àwòrán náà. Kíláàsì mẹ́ta ni. Ilé ìwé yẹn ni Injiníà ti kọ́ á, bí, dí.

"Mi ò ṣe é," ló wí.

"Bàbá—"

"Mo ní mi ò ṣe é! Mi ò ní tẹ́ pákó lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, tebi bá máa pa mí kó pa mí!" Aránṣọ kò gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kó ròkè tó bẹ́ẹ̀ rí. Ẹsẹ̀ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ onílé ká àwòrán rẹ̀. Kò tilẹ̀ bínú. "Kò burú, Bàbá. Kápẹ́ńtà pọ̀," ló wí, ó sì jáde.

Kápẹ́ńtà yíjú sí ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ díẹ̀, bíi ti ẹni tó ti san gbèsè tó jẹ láàárọ̀ padà. Injiníà gbé ṣíbí kalẹ̀. Oúnjẹ ṣì kù nínú abọ́ rẹ̀.

"Ó dáa bẹ́ ẹ ṣe kọ tiyín jálẹ̀, Bàbá," ó wí. "Tèmi lẹ fọwọ́ sí."